Bí A Ṣe Ń Ṣe Fàájì Létí Adágún Omi Ní Ìlọrin Láìfi Ẹ̀mí Wewu

Ìlọrin jìnnà sí òkun. Nǹkan bíi 300 kìlómítà ló wà láàárín wa àti Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí atẹ́gùn omi fẹ́ sí òun lára lọ́jọ́ Sátidé kò ní láti lé òkun lọ. Omi tiwa wà nílé: adágún tí wọ́n fi dáàmù sé lórí odò Àsà, dáàmù Àgbà tó wà nínú ìlú, dáàmù orí odò Ọ̀yun nínú ọgbà Yunifásítì Ìlọrin, adágún Jẹ́bà lórí odò Ọya, àti omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Ọ̀wá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń lọ sí àwọn omi yìí bí ẹni ń lọ sí etíkun Èkó. Omi adágún kì í ṣe omi òkun. Ewu inú rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tí à ń gbà gbádùn rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Bí ó ṣe yẹ ká máa ṣe é nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ yan omi tó bá àwọn tí ẹ fẹ́ kó lọ mu

Bó bá jẹ́ pé ọmọdé àti àgbà lẹ jọ ń lọ, ibi tó sún mọ́ ìlú ló dára jù. Àsà tó fún ìrọ̀lẹ́ kan: ẹ óò rí lékeléke, ẹ óò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn, ẹ óò sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Jẹ́bà gba odindi ọjọ́, torí lílọ àti bíbọ̀ nìkan ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Òwu ló lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi. Ohun tí wọ́n máa ń kọ ni pé omi náà já láti gíga tó tó 330 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ìròyìn ìjínigbé ti ń wá láti àgbègbè Ìfẹ́lódùn àti àwọn apá kan ní gúúsù Kwara. Ẹ má ṣe gbéra láì jẹ́ pé ẹ ti bá ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Àpáta náà kò ní sá lọ.

2. Ẹ mọ àsìkò omi

Láti Oṣù Kẹrin títí dé Oṣù Kẹwàá ni òjò wa sábà máa ń rọ̀. Òwu máa ń kún dáadáa ní Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá. Tí ọyẹ́ bá ti dé tán, omi náà á tín-ín-rín. Fún Àsà àti Àgbà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí omi ṣì pọ̀ tí ilẹ̀ sì ti gbẹ. Ẹ yàgò fún ọ̀sán Oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún tí ojú ọ̀run bá ti ń dúdú, nítorí ìjì máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, ó sì lè dojú ọkọ̀ kékeré dé kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ronú. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, kí gbogbo ènìyàn kúrò lójú omi, kí wọ́n má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Inú mọ́tò ni kí ẹ wọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó padà sétí omi.

Ti Jẹ́bà yàtọ̀ o. Omi tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ti òjò Ìlọrin nìkan. Ìsàlẹ̀ Kàǹjì ló wà, dáàmù ńlá tí wọ́n ṣí ní 1969, ohun tí Kàǹjì bá sì tú sílẹ̀ ló ń gbà. Ìkún omi méjì ni Kàǹjì ń gbà lọ́dún. Àkọ́kọ́ ń tẹ̀lé òjò àgbègbè wa. Èkejì ń ti òkè Guinea wá, ó gba Mali àti Niger kọjá, kì í sì í dé títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè ga lójijì lọ́jọ́ tí oòrùn ń ran yanran. Ẹ má tẹ́ ẹní sí bèbè tí omi ti fi àmì rẹ̀ sí. Ẹ sì bi àwọn apẹja nípa erinmi àti ọ̀nì.

3. Ẹ gba àṣẹ

Dáàmù ní ẹ̀ṣọ́, abúlé ní baálẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ sọ iye ènìyàn tí ẹ jẹ́, ẹ béèrè ibi tí àlejò lè jókòó sí àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Bí odò náà bá ní èèwọ̀, ẹ pa á mọ́. Àgbà tó bá sọ fún yín pé, "Ẹ má dé apá ọ̀hún," lè má ṣàlàyé, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ti rí òkú níbẹ̀ rí.

4. Ẹrù

Okùn tó gùn dáadáa àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo ti lítà 25 tó ní ọmọrí. Èyí ṣáájú oúnjẹ. Ẹ so okùn mọ́ etí kẹ́ẹ̀gì náà láti ilé, kí ẹ dé e pinpin. Mo máa sọ iṣẹ́ tó máa ṣe níwájú. Ẹ mú omi mímu, ẹní, fìlà tàbí agboòrùn, aṣọ alápá gígùn, àpò ńlá fún ìdọ̀tí, àti owó wẹ́wẹ́ fún wàrà, torí àwọn ìyá Fúlàní máa ń gbé e kọjá lọ́nà. Dùndú, mọ́ínmọ́ín àti kúnnú tó tutù kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ gbé bútà tó kún fún omi ilé dání pẹ̀lú, nítorí àkókò ìrun yóò bá yín níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ inú koríko etí omi nítorí àlùwàlá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

5. Ẹ ka omi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ìsinmi létí adágún kò fi dandan túmọ̀ sí wíwọ inú rẹ̀. Ìjókòó, ìrìn etí omi, ẹyẹ wíwò, ìwọ̀ jíju sódò fún epìà àti àrọ̀, ìwọ̀nyí ti tó ọjọ́ kan. Ní ti dáàmù Àsà àti Àgbà, mo ní kí ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ rárá: omi ẹ̀rọ tí Ìlọrin ń mu ni.

Níbi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti wẹ̀, ẹ rántí ohun tí adágún dáàmù jẹ́. Àfonífojì ni tẹ́lẹ̀, omi ló bò ó. Kùkùté igi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpáta wà níbẹ̀, ojú odò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kòtò. Omi tó dé orúnkún lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan sí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi orí bẹ́ sínú rẹ̀. Omi adágún kò sì gbé ènìyàn léfòó tó omi iyọ̀. Ẹni tó ti wẹ̀ lókun rí yóò rí i pé ara òun wúwo níbí. Ẹ jìnnà sí ògiri dáàmù àti ibi tí omi ti ń tú jáde, torí omi tó dákẹ́ lójú níbẹ̀ ń fà nísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ tó gbẹ lójú lè rọ̀ nínú. Ẹ fi igi gún un wò kí ọmọdé tó sáré kọjá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ koríko. Àwọn baba wa ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Níbi tí àwọn ewé wọ̀nyí bá gbé pọ̀ létí omi tí kò ṣàn ni ìgbín omi kéékèèké ń gbé, inú ìgbín yìí sì ni kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá, ti ń dàgbà. Ẹni tó ní àrùn náà tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò pa, ó wọ inú ìgbín, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò ní kí ẹ mu omi náà kó tó wọlé sí yín lára. Awọ ara ló ń gbà wọlé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ rárá. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni ó ń jáde lára ìgbín jù, àkókò náà gan-an tí omi ń wu ọmọdé í wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi omi ilé ṣe àlùwàlá. Ẹ má tọ̀ sómi láé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín ṣeré nínú koríko yẹn.

Omi tó ń já lórí àpáta, bíi ti Òwu, kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbín láyè, ṣùgbọ́n amúkúrù ní tirẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ojúmọmọ ni kòkòrò yìí ń jẹ ènìyàn, òun ló sì ń gbé àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etí odò. Aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn ni ẹ ó wọ̀ lọ síbẹ̀. Àpáta rẹ̀ ń yọ̀, ẹ má gùn ún.

6. Bí ẹnì kan bá ń rì

Ẹ má bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e. Ẹni tó ń rì yóò dì mọ́ ẹni tó wá gbà á, àwọn méjèèjì a sì lọ. Ẹ na igi sí i bó bá sún mọ́. Bó bá jìnnà, kẹ́ẹ̀gì onókùn yẹn ni kí ẹ jù sí i, kó dì í mú, kí ẹ fà á wálé. Kí ẹnì kan ké sí àwọn apẹja, kí ẹlòmíràn pe 112.

Bí ẹ bá gbé e dókè tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde. Àkókò lẹ ń fi ṣòfò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá ní ìgbà 30, ẹ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mí tàbí tí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bó bá tilẹ̀ jí, ilé ìwòsàn ló kàn.

7. Kí ẹ tó kúrò

Ọ̀rá píọ́wọ́tà, ike, egungun, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó sí àpò kí ẹ gbé e lọ sílé. Bí ẹ bá dáná, ẹ da omi sí i títí ẹyín rẹ̀ yóò fi tutù lọ́wọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí koríko ti gbẹ.

8. Nílé

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ inú omi adágún, ẹ máa ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn, pàápàá ní ìparí ìtọ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ìtọ̀ tí a bá tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni ẹyin kòkòrò náà ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń lò ó, nítorí náà ẹ má rà á fúnra yín lọ́jà. Kòkòrò tó ti dàgbà ló ń pa. Bí wọ́n bá lò ó lọ́sẹ̀ kejì tí ẹ dé láti odò, ó lè má mú àwọn kékeré, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kì í sì í ṣe àjẹsára: ọmọ tó gba oògùn lónìí tó tún padà wẹ̀ nínú koríko kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè tún kó o.