Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ ara mi gun Olúmọ

Télọ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ wa. Bí aṣọ ìnáwó bá ti wọlé, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdí kì í kúrò lórí àga. Nígbà tí mi ò rí nǹkan oṣù mọ́, gbogbo èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀ ooru tó máa ń bo ni lójijì. Ẹsẹ̀ ló yọ mí lẹ́nu jù ú lọ. Kí n tó dìde, àfi kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Ni mo bá pinnu pé màá gun Olúmọ dé òkè téńté, láìwọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ lọ. Kò tètè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀. Ó wá gbé apá mi sórí tábìlì kó lè bá àyà dọ́gba. Ó jẹ́ 136 lórí 86. Ó ní kò tíì dé 140 lórí 90 tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ó tún ṣàlàyé pé bí nǹkan oṣù bá ti lọ, èròjà tó ń ṣọ́ eegun obìnrin á dín kù nínú ara, pé iṣan tí a kò bá sì lò, ṣe ló máa ń joro. Ìrìn nìkan ò tó, ó ní mo gbọ́dọ̀ máa fún iṣan ní ẹrù gbé.

Mo délé, mo mú téèpù. Òṣùwọ̀n kan wà tó rọrùn: kí àyíká ikùn má dé ìdajì gíga èèyàn. Mo ga ní ínṣì 64, ikùn mi sì jẹ́ 37. Télọ̀ ò lè purọ́ fún téèpù.

Àga ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, àga onígi tí kì í yí. Mo máa ń jókòó sí etí rẹ̀, màá ká ọwọ́ sáyà, màá dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, màá sì máa mí síta bí mo ṣe ń dìde. Ìjókòó padà gan-an ló le. Mo ní láti ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí ìdí tó kan àga. Ẹni tó bá jókòó gbì, kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni orúnkún gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí mo bá ń lọ aṣọ, màá gbé gìgísẹ̀ sókè, màá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, láìjẹ́ kí èjìká tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, torí ọjọ́ ìsinmi ni iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní ti ìrìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe irú eré ìdárayá tí kò le jù. Mo máa ń jáde kí ọlọ́kadà tó pọ̀ lójú títì, fóònù ń bẹ nílé. Ìkíni ni mo fi ń mọ̀ bóyá ìrìn náà tó. Bí mo bá lè kí ìyá alákàrà, kí n béèrè ọmọ, kí n béèrè ọjà, tí mi ò dúró, tí mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lè dá orin, ìrìn fàájì nìyẹn. Bí "ẹ káàárọ̀ mà" bá já sí méjì lẹ́nu mi, màá dẹwọ́. Torí pé kò sí fóònù létí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Ọ̀tún ń balẹ̀ pà, òsì ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ. Mo gbé ẹ̀rọ náà sí ibòmíì kí n lè máa fi òsì náà tẹ̀ ẹ́.

Oúnjẹ ò gba ariwo. Mo dín èbà alẹ́ kù, mo sì dín mágì kù, torí gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan ò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, iyọ̀ inú mágì sì wà lára rẹ̀. Kí àwọn tó ń ta àgbo afakùn-wọlé má bínú sí mi.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ lọ, kí oòrùn tó mú. Mítà 137 ni wọ́n ní Olúmọ fi ga ju ojú òkun lọ, àmọ́ ìlú wa fúnra rẹ̀ ti wà lókè, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn ń gùn. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, a dé inú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn kòtò kéékèèké hàn wá pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ata. Òkè ibẹ̀ ni ọ̀nà ti há láàárín àpáta méjì. Èèyàn á fẹ̀gbẹ́ wọlé, á wá gbé ẹsẹ̀ kan sókè fíofío kó tó lè gbé ìyókù ara tẹ̀ lé e. Ìdìde orí àga gẹ́lẹ́ ni. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ká sinmi ni?" Mo ní kó máa bọ̀.

Lókè, a rí àwọn páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, a rí odò Ògùn. A jẹ ẹ̀pà. Sísọ̀kalẹ̀ ló wá le. Iṣan iwájú itan ló ń ṣe bíréèkì fún gbogbo ara, nítorí náà mo fẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí èyí tó ga, mo di irin mú, mo ń ka ení títí dé ẹ̀rin. Lọ́jọ́ kejì itan dùn mí wọra. Orúnkún ò sọ nǹkan kan. Téèpù ti wà ní 35 báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ má wọ sílípáàsì, ẹ má sì lọ lẹ́yìn òjò, àpáta náà á máa yọ̀. Ẹni tí àyà bá ń dùn lórí àtẹ̀gùn, tàbí tí orúnkún rẹ̀ wú, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹ má sì ná gbogbo agbára yín tán sórí gígùn, torí ẹ ṣì máa sọ̀kalẹ̀.