Bí mo ṣe ya apá tuntun kọ́míìkì orí íntánẹ́ẹ̀tì mi

Píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 800 ni fífẹ̀ àwòrán tí WEBTOON, ìkànnì tí a ti ń ka kọ́míìkì, ń gbà, ṣùgbọ́n 1600 ni mo fi ya apá yìí nínú Clip Studio Paint, ètò tí a fi ń yàwòrán. Tí a bá wá sún un kù sí ìdajì, ìlà á mọ́, ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n díẹ̀ kò sì ní hàn.

Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ sí ìparí ló máa ń fi àpótí ọ̀rọ̀ bo ọwọ́ tó ti fara balẹ̀ yà. Lẹ́tà mi ga tó píksẹ́lì 60. Á ku 30 lẹ́yìn tí mo bá sún un kù, ó sì ṣeé kà lórí fóònù láì fi ìka fẹ̀ ẹ́.

Mo fi búlúù ya àwòrán àkọ́kọ́ tí mo máa fa ìlà lé lórí, mo yí i sódì bíi ti inú dígí, ojú tó wọ́ sì hàn kíá. Ìgbà yẹn ni kí a tún un ṣe.

Lẹ́yà (ìpele àwòrán tí a ń tò lé ara wọn) tó jẹ́ vector, tó ń tọ́jú ìlà bí ohun tó ṣeé yí padà, ni mo fa ìlà gidi sí, torí pé ìlà orí rẹ̀ ṣeé tẹ̀, ó ṣeé mú nípọn, láì tún un yà. Stabilization, ètò tó ń dín ọwọ́ gbígbọ̀n kù, wà ní 15. Tó bá pọ̀ jù, ìlà á dán lóòótọ́, àmọ́ á máa lọ́ra tẹ̀lé ọwọ́, igun á sì di róbótó.

Àwọ̀ ló ń jẹ àkókò jù. Mo sọ lẹ́yà ìlà di Reference (èyí tí irinṣẹ́ ń wò láti mọ ààlà), mo ṣí lẹ́yà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, mo sì tan Close gap nínú irinṣẹ́ Fill tó ń da àwọ̀ sí inú ìlà, kí àwọ̀ má baà jò gba ibi tí ìlà kò ti pàdé. Ẹ má gbé e sókè jù o: àárín ìka ọwọ́ àti ìdí irun kò ní gba àwọ̀ mọ́. Mo fi píksẹ́lì 2 sí Area scaling kí àwọ̀ lè wọ abẹ́ ìlà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, funfun tín-ín-rín á kù létí rẹ̀. Mo pa anti-aliasing (ohun tó ń mú etí àwọ̀ rọ̀) lórí lẹ́yà àwọ̀ yìí, torí tí etí àwọ̀ bá rí bàìbàì, àwọ̀ àtijọ́ á ṣẹ́kù yí ká nígbà tí a bá pààrọ̀ rẹ̀.

Fún òjìji, lẹ́yà Multiply (tó ń mú àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú sí i) kan ṣoṣo tí mo so mọ́ lẹ́yà àwọ̀ ti tó, pẹ̀lú elésè àlùkò tó ṣá. Eérú máa ń mú kí awọ ara dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Fáìlì àwòrán PNG, pẹ̀lú ìlànà àwọ̀ sRGB, ni mo fi gbé e jáde. Gíga ègé kọ̀ọ̀kan kò ju 1280 lọ, àlàfo àárín àwòrán méjì ni mo sì ti gé e, kì í ṣe àárín ojú ènìyàn.