Bí mo ṣe ń se oúnjẹ alẹ́ láìsí ẹran láìsí ẹja fún àwa mẹ́ta

Oṣù kẹta rèé tí ẹran tàbí ẹja ò tíì wọ ìkòkò oúnjẹ alẹ́ wa. Oúnjẹ alẹ́ ni mo sọ o, torí ọmọ mi ṣì ń jẹ ẹyin láàárọ̀, a sì máa ń jẹ ẹran lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ìbàdàn la wà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é, ṣé ebi kì í pa yín ni, kí n kúkú ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Owó ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tí mo ná sórí oúnjẹ alẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn sílẹ̀, ó lé ní N26,000, mo ti rò pé ẹran ló máa kó èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tí mo ń ná láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń jò jù, ìyẹn tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sè, búrẹ́dì níbí, indomie lọ́hùn-ún, ẹja díndín méjì lójú títì, ká tó wí ká tó fọ̀ owó ti lọ.

Mo wá ṣe tàìmù-tébù. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ò dáa rárá, oúnjẹ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ méje, kálukú pẹ̀lú èlò tiẹ̀, gáàsì tó máa ń bá wa lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé orúkọ oúnjẹ kọ́ ló yẹ kí n máa tò, ohun tí mo rẹ sómi àti iná tí mo dá ló yẹ kí n máa wò. Mo wá fi ẹ̀wà ṣe olórí. Kóńgò kan lọ́sẹ̀, ó ń tó wa jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bódìjà ni mo ti ń rà á níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kóńgò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wà olóyin. Mo máa ń gbóòórùn ẹ̀ kí n tó sanwó, torí NAFDAC pàápàá ti kìlọ̀ lórí àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà, bí mo bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà báyìí mi ò ní rà á, bó ti wù kó dín owó tó. Tí mo bá délé mo máa sá a sóòrùn, mo máa kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, mo máa ju ata gbígbẹ sí i, kòkòrò ò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni iṣẹ́ wà. Mo máa rẹ ìdajì kóńgò sómi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, èmi àti ọmọ mi á wá máa fi ọwọ́ ra á, èèpo á léfòó, a máa dà á nù. Mo máa pín ẹ̀wà bíbó yẹn sí méjì. Apá kan lọ sórí iná fún gbẹ̀gìrì, títí táá fi rọ̀ táá fọ́ fúnra ẹ̀, apá kejì lọ sínú bíléńdà pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà fún mọ́ínmọ́ín. Alẹ́ Sọ́ńdè, àmàlà àti gbẹ̀gìrì àti ewédú. Alẹ́ Mọ́ńdè, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn náà ni mo máa se mọ́ínmọ́ín yẹn tán o, mi ò ní fi ẹ̀wà lílọ̀ tútù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì mọ́. Mo dán an wò lóṣù àkọ́kọ́, iná ò wá fún ọjọ́ méjì, nígbà tí mo ṣí fíríìjì ó ti kan, ó ti ń hó, gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdajì kóńgò tó kù, odidi ni mo máa sè é. Mo máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú Túsìdeè, mo máa da omi yẹn nù, mo máa gbé e kaná kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo máa dé e pa, mo máa pa iná. Lẹ́yìn wákàtí kan tí mo bá tún tan iná sí i kì í pẹ́ rárá kó tó rọ̀. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí gáàsì mi padà sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. A máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ Túsìdeè pẹ̀lú gàárì, ìyókù mo máa ń gbé e hó láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má bàa bàjẹ́, Tọ́sìdeè mo máa fi ṣe àdàlú bó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo tútù. Wẹ́sìdeè jẹ́ ti ànàmọ́ tàbí àsáró, Fúráìdeè ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, Sátidé ohun tó bá kù nílé.

Ọ̀rọ̀ adùn ló gbà mí ní làákàyè jù. Omi ẹran ti kúrò, edé náà ti kúrò, ọbẹ̀ mi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ lẹ́nu. Ìrú ló gbà mí, ìrú wooro fún ẹ̀fọ́, ìrú pẹ̀tẹ̀ fún ewédú àti gbẹ̀gìrì, kí ẹ ṣan iyanrìn ẹ̀ kúrò dáadáa. Lẹ́yìn ìrú, àlùbọ́sà. Mo máa ń rẹ́ ẹ pọ̀, màá jẹ́ kó dín pẹ́ nínú epo pupa lórí iná kékeré títí táá fi pọ́n dúdú díẹ̀, bí àwọn ẹlẹ́wà àgànyìn ṣe ń ṣe ata wọn, kí n tó da ata sí i. Nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí tí mo pò pẹ̀lú àlùbọ́sà tí mo jẹ́ kó ṣù ló ń rọ́pò ẹran, tàbí wàrà tí mo dín, tàbí wàrà sóyà tó tún pọ́ọ́kú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lóṣù kejì. Èkuru ni mo sè lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wo abọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹran dà?" Mo ní, "Mà, a kì í fi ẹran jẹun alẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ ọ wò ná." Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní ẹran kọ́ ló ń ṣe é, èkuru yìí ló le, pé mi ò po ẹ̀wà ẹ̀ pẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n bọ́ sí ìdáná, wọ́n ní kí n mú ọmọrogùn wá, wọ́n sì fi hàn mí bí a ṣe ń po ó títí táá fi funfun táá fi fẹ́, ká tó pọ́n ọn séwé. Látìgbà yẹn èkuru mi ò le mọ́, ata díndín ni mo ń fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Báyìí ná, N14,000 ni mo ń ná lọ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ ò sì sí nínú ẹ̀ mọ́ torí mo ti gbin gbúre àti tẹ̀tẹ̀ sínú àpò ìrẹsì mẹ́rin lẹ́yìn ilé. Gbúre lómi púpọ̀, ẹ fún omi ẹ̀ kúrò kí ẹ tó dà á sọ́bẹ̀. Alẹ́ òní ànàmọ́ ni, ọmọ mi ti lọ já ẹ̀fọ́ wá, mo gbọ́dọ̀ lọ gbé epo kaná.