Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ Ń Fi Refractometer Ra Ethanol, Ẹ Dúró Ná

Ó ti sú mi o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́fínńdà gbé kẹ́ẹ̀gì ethanol, ọtí tá a fi ń po òróró lọ́fínńdà, wá bá mi l'Ádó, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó bóyá ojúlówó ni," ó sì ti sanwó tán! Refractometer, ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú nǹkan olómi, lẹ fi ń yẹ ethanol wò. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́.

1. Refractometer ṣúgà, ṣúgà ni wọ́n ṣe é fún. Ethanol pọ́nńbélé á gbé bíi 18 jáde níbẹ̀, ẹ̀yin á wá rò pé ọtí 18% lẹ rà.

2. Ẹ kọ́kọ́ fi omi dísítíìlì yẹ ẹ̀rọ wò. Nọ́ńbà títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ (refractive index) 1.3330 ló yẹ kó kà ní 20°C.

3. Ooru ńkọ́? 1.361 tí gbogbo yín há sórí fún ojúlówó ethanol, ní 20°C ni. Bí ooru bá fi 1°C lé, nọ́ńbà á fi bíi 0.0004 wálẹ̀, torí náà nínú ooru Èkìtì ní 31°C, 1.357 lẹ máa rí, ẹ má tìtorí ẹ̀ bá ọlọ́jà jà.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Ẹ rò pé torí omi jẹ́ 1.333, bí wọ́n bá bomi sí ethanol nọ́ńbà á já wálẹ̀. Irọ́ ni! Ńṣe ló ń kọ́kọ́ gòkè, á dé bíi 1.366 nígbà tí ethanol bá ku 80% ní ìwúwo, kó tó wá máa bọ̀ nílẹ̀, tó bá sì fi máa di ìlàjì omi ìlàjì ethanol, á ti padà sí 1.361, nọ́ńbà ojúlówó gan-an. Bí mo ṣe ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́jọ́ kan nìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n, mo ṣírò ooru mọ́ ọn, 1.361 gẹ́lẹ́, mo kówó sílẹ̀. Mo délé, mo da òróró lọ́fínńdà sí i, ló bá funfun bí omi ògì. Mo fi síríǹjì fa 10 ml, mo gbé e sórí síkéèlì: gíráàmù 9! Ojúlówó ò sì gbọdọ̀ tó 8. Ó dùn mí dọ́kàn, owó ọjà oṣù yẹn ló bá a lọ.

Síríǹjì àti síkéèlì yẹn ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ sọ́jà, wọn ò wọ́n.

Ẹ má sì fi refractometer sọ pé ọtí kan ṣeé mu láéláé. Methanol, ọtí olóró tó jọ ethanol, jẹ́ 1.329, òun ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, omi díẹ̀ ń gbé e sókè, wọ́n á bo ara wọn. Methanol inú ògógóró ló pa àwọn èèyàn n'Írèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015.

Tẹ́ ẹ bá kán ethanol sórí gíláàsì refractometer, ẹ tètè pa ìdérí dé, ó ń fẹ́ lọ.