Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá dédé kú
Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Toyota àtijọ́, ẹ gbọ́ o. Bí abẹ́rẹ́ epo àti ti ooru bá dédé wálẹ̀, tí iná iwájú sì ń tàn dáadáa, ẹ má tíì sáré ra bátìrì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ ti jíà sí rifáàsì, kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí iná rifáàsì náà ò bá tàn, fíúsì tí wọ́n kọ GAUGE sí ni kí ẹ fura sí. Òun ló sábà máa ń gbé iná fún àwọn abẹ́rẹ́ yẹn àti iná rifáàsì. Ẹ yọ ọ́ wò lójú oòrùn bóyá irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já. 10 ampere ló sábà máa ń jẹ́; iye ampere tí wọ́n kọ sí i gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi wáyà so ó pọ̀, ẹ má dá a lóhùn, ọkọ̀ lè gbiná. Bí tuntun bá tún já lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó níbì kan nìyẹn. Ẹ pe rẹwáyà.