Bí Òmùwẹ̀ Ṣe Lè Gbé Àyà Jíjá Wọnú Omi

Ẹni tó bá ń sọ fún òmùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ìdíje ńlá pé kó má bẹ̀rù kò tíì ràn án lọ́wọ́, nítorí àyà yóò já bó ti wù kó rí. Bí ohun tó jẹni lógún bá ti ń sún mọ́lé, ara a tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a máa lù kìkì, ọwọ́ a tutù, ẹnu a gbẹ, ìtọ̀ a sì máa gbọ̀n ènìyàn lemọ́lemọ́. Èyí kì í ṣe àmì pé òmùwẹ̀ kò múra tó. Ara ló ń kó agbára jọ. Ohun tó yẹ ká mójú tó ni kí agbára yẹn má tán sórí àga kí wọ́n tó fun fèrè.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ máa fi ojú inú wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má sì wo èyí tó dára nìkan. Ẹ wo èyí tí nǹkan ti bàjẹ́, kí ẹ sì rí ara yín tí ẹ ń bá a lọ. Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ Bob Bowman, kóòṣì rẹ̀. Nígbà tó di àṣekágbá mítà 200 ti butterfly (ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ń ju apá méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà) ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, omi kún inú awò ojú rẹ̀ débi pé kò rí ògiri mọ́. Ó ń ka iye ìgbà tó ju apá, nítorí ó mọ iye tí yóò gbé e dé etí púùlù, ó sì gba góòlù pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52.03, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nígbà náà. Nítorí náà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ń ju apá nínú mítà 50 nígbà ìdánrawò, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Òmùwẹ̀ tó mọ iye tirẹ̀ ní ohun tí yóò dì mú bí ojú bá ṣú.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ di awò méjì àti fìlà méjì sínú àpò, àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì bó bá ṣeé ṣe, nítorí aṣọ ìdíje a máa fún mọ́ra, ẹni tó bá ń kánjú wọ̀ ọ́ lè fà á ya. Bí oorun kò bá wá, ẹ má bá a jà. Ẹ sáà dùbúlẹ̀. Oúnjẹ tí inú yín ti mọ̀ ni kí ẹ jẹ.

Ibi tó le jù lọ, lójú tèmi, ni yàrá tí wọ́n ń kó àwọn tí yóò jọ díje sí kí wọ́n tó pè wọ́n jáde. Ẹnìkan á máa gbá ara rẹ̀ láyà, òmíràn á tẹjú mọ́ yín bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ lówó. Mo ti rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń fa okùn awò rẹ̀, tó ń tú u, tó tún ń fà á, títí okùn náà fi já mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ku eré kan kó kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wá iṣẹ́. Ẹ fún ọwọ́ yín níṣẹ́ mìíràn: ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn, ẹ fi imú fa èémí sínú bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì fi ẹnu tú u síta díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹ̀jọ, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èémí tó bá pẹ́ kó tó tán síta ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù. Ẹ má bọ́ ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó pè yín, nítorí ara tó tutù a máa mú kí ìbẹ̀rù dà bí òtítọ́.

Lẹ́yìn àwọn fèrè kéékèèké, rẹfirí yóò fun èyí tó gùn. Ìgbà náà ni kí ẹ gun orí pèpéle tí a ti ń bẹ́ sómi. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti yọ òmùwẹ̀ kúrò. Ian Thorpe, tó jẹ́ ẹni tó yára jù láyé nígbà náà nínú mítà 400 ti freestyle (ìlúwẹ̀ẹ́ tí òmùwẹ̀ ti lè yan ọ̀nà tó wù ú), já sómi kí àmì ìbẹ̀rẹ̀ tó dún ní ìdíje tí Ọsirélíà fi yan àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ fún Òlíńpíìkì 2004, wọ́n sì yọ ọ́. Craig Stevens, òmùwẹ̀ mìíràn tó ti yege nínú eré náà, ló yọ̀ǹda àyè tirẹ̀ fún un kó tó lè lọ gba góòlù ní Athens. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lórí pèpéle, ẹ má ronú nípa ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tàbí nípa àmì-ẹ̀yẹ. Ìka ẹsẹ̀ tó di etí pèpéle mú àti ohùn tí ẹ ń retí ti tó.

Bí ẹ bá ti wọ omi, ẹ má gba mítà 50 àkọ́kọ́ gbọ́. Ara yóò fúyẹ́ bí ìyẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé e nínú mítà 200 yóò san gbèsè rẹ̀ ní 50 tó kẹ́yìn. Eré tí ẹ fi dánra wò ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn òbí àti kóòṣì. Ní ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ń yan òmùwẹ̀ fún Òlíńpíìkì, ẹni méjì péré ló ń tẹ̀ síwájú nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn eré. Ẹni kẹta yóò padà sílé, ohun tó yà á sí ẹni kejì sì lè má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ọmọ tó bá jáde nínú omi sínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Bí ó bá ṣì ní eré mìíràn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọra lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iṣan rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ má tíì dárúkọ aago fún un. Ẹ da aṣọ ìnura bò ó léjìká, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.