Àtẹ Alátùntà Ló Ń Parí Ìjà Ẹ̀rọ Fídíò: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tí Ẹ Ó Tà

Nígbà tí irú fídíò méjì bá ń du ọjà kan náà, tí kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kò sì wọ inú ẹ̀rọ èkejì, ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ojú tiyín wá sórí àtẹ yín. Oníbàárà kò lè ra ohun tí kò rí. Èyí tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé, ibẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ yóò ti wò ó, tí òun náà yóò fi wá béèrè irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fíìmù, dẹkódà, ṣájà tàbí rédíò ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kí owó yín má bàa há, kí àwọn tó fọkàn tán yín má sì gbé òkú ọjà lọ sílé.

Ẹ̀bá Ẹrẹ́jà ní Iléṣà ni mo wà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń yá wọn fún àwọn olùkọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn tó ń ti Òṣú, Ìbòkun àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá sọ́jà. VCD, fíìmù orí àwo pẹlẹbẹ, dé, DVD tẹ̀lé e. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Fídíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣájà ló pọ̀ jù lórí àtẹ mi báyìí. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ ló ń gbé kiri abúlé láwìn. Èyí tó bá dì sínú ẹrù kó tó kúrò ní Iléṣà ni gbogbo abúlé máa fi ṣọdún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára alátùntà nínú ọ̀rọ̀ fídíò.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé owó yín kò lè ru méjèèjì. Ilé iṣẹ́ Sony gbé kásẹ́ẹ̀tì Betamax jáde ní 1975, ilé iṣẹ́ JVC gbé VHS jáde ní 1976. Kásẹ́ẹ̀tì Betamax àkọ́kọ́ kò gbà ju wákàtí kan lọ, ti VHS gba wákàtí méjì, tí odidi fíìmù lè wọ̀. Ní 1977, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Atkinson bẹ̀rẹ̀ sí í yá ènìyàn ní fíìmù ní Los Angeles. Àádọ́ta fíìmù ni ilé iṣẹ́ Magnetic Video gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fíìmù 20th Century Fox tó gbé sórí kásẹ́ẹ̀tì, Atkinson sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Betamax àti ní VHS. Ó ṣeé ṣe nítorí pé àádọ́ta ni wọ́n. Nígbà tí fíìmù di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ta ni yóò máa ra ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì? Alátùntà wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé àwọn tó ní VHS fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ní Betamax lọ, ó bá fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún VHS. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun wọlé, ó rí VHS tó kún ògiri, ó lọ ra ẹ̀rọ VHS. Díẹ̀ yẹn di púpọ̀.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ń yá ẹ̀rọ fídíò fúnra rẹ̀, wọ́n ń san owó lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ Thorn EMI, tó ni ṣọ́ọ̀bù Radio Rentals àti DER, ń gbé ẹ̀rọ VHS tí JVC ṣe fún wọn, orúkọ Ferguson ló wà lára rẹ̀. Kí oníbàárà tó wọlé ni ẹni tó fẹ́ yá a ní ẹ̀rọ ti yàn fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jiyàn títí dòní pé àwòrán Betamax mọ́ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí oníbàárà ń béèrè ní káńtà ni bóyá fíìmù tó fẹ́ wò wà. Ní 1988, Sony fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ VHS.

Nítorí náà, ẹ kà kí ẹ tó yàn. Ẹ ní ìwé kan lórí káńtà. Kí ẹ tó bi oníbàárà pé fíìmù wo ló fẹ́, ẹ bi í pé, "Ẹ̀rọ wo lẹ ní nílé, sà?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà, kí ẹ sì fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tó béèrè tí kò rí, torí ẹni tó jáde lọ́wọ́ òfo ló ń sọ ibi tí ọjà ń lọ. Ọ̀pọ̀ alátùntà kì í kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rárá, àwọn ni wọ́n sì máa ń kó ọjà tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Ní tiwa níbí, nígbà tí VCD ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oṣù kìíní ọdún ni kíkà náà ṣe kedere jù. Àwọn ọmọ tó ti Èkó wálé ọdún Kérésì ló gbé ẹ̀rọ VCD wá fún àwọn òbí wọn. Bí àwọn ọmọ ṣe padà, àwọn òbí wá sọ́dọ̀ mi: "Ìyá Fídíò, ẹ bá mi wá èyí tó dà bí àwo pẹlẹbẹ yẹn." Ní oṣù kejìlá tó ṣáájú, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣì ń yá. Mo rí i nínú ìwé mi pé ohun tí àwọn arúgbó ń béèrè ti yí padà láàárín oṣù kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kásẹ́ẹ̀tì kù nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣì ń kó o wá láti ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó.

Ohun kan náà ni Blockbuster, tó ń yá ènìyàn ní fíìmù, ṣe ní Amẹ́ríkà, tiwọn kàn tóbi ni. Ìgbà tí Blu-ray ti Sony àti HD DVD ti Toshiba, irú díìsì méjì tí àwòrán wọn mọ́ ju ti DVD lọ, ń jà ni, àwọn méjèèjì dé ọjà ní 2006. Blockbuster kó méjèèjì sínú 250 ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń wo èyí tí ènìyàn ń yá. Blu-ray lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n kéde pé Blu-ray nìkan ni yóò wọ 1,450 ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹ̀rí ni wọ́n fi ìwọ̀nba ṣọ́ọ̀bù wá kí wọ́n tó fi gbogbo owó lé e. Ẹni tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe é pẹ̀lú pákó àtẹ kan: ẹ gbé ìwọ̀nba ti èkíní àti ìwọ̀nba ti èkejì sí ibi tí ojú lè tètè rí wọn dọ́gba, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ títí oṣù yóò fi parí, ẹ wá ka ohun tó kù.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀rọ tuntun náà ń gba ti àtijọ́. Ẹ̀rọ DVD ń gba VCD, ìdí nìyẹn tí ìyípadà yẹn kò fi dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti oníbàárà kankan: ohun tó ti rà lọ́wọ́ mi kò ṣòfò. Kásẹ́ẹ̀tì àti VCD kò rí bẹ́ẹ̀. VCD ní àléébù tirẹ̀, kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ, ó wà lára ìdí tí fíìmù àgbéléwò wa fi máa ń jáde ní Apá Kìíní àti Apá Kejì nígbà náà. Síbẹ̀ ó fúyẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ti Ṣáínà wá kò wọ́n, àpò kan sì gba èyí tí páálí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá kò lè gbà. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Èkó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú owó ẹrù.

Ní ti owó, mo ní òfin kan tí n kò yẹ̀: èyí tí kò bá dá mi lójú, n kì í fi owó ara mi rà á. Mo máa ń sọ fún máákẹ́tà, ẹni tó ń kó ọjà fún mi, pé kó jẹ́ kí n gbà á tà, kí n dá èyí tó bá kù padà lọ́jọ́ tí a fẹnu kò sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí máákẹ́tà bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gba àṣẹ́kù padà, ó ti sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò nípa ọjà náà fún yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀dínwó ẹ̀rọ tàn yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Walmart, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ta ẹ̀rọ HD DVD Toshiba kan ní dọ́là 98.87. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ rà á. Kò pé oṣù mẹ́rin tí HD DVD kú. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní fíìmù tí yóò máa jẹ kò lè pẹ́ nílé ènìyàn. Ìgbà tí ẹ bá rí i tí iye ẹ̀rọ já lulẹ̀ lójijì, ẹ lọ wo ibi tí fíìmù tuntun ń gbà jáde kí ẹ tó kó o.

Ẹnu ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́? Oníbàárà tí nǹkan ò yé yóò wo ojú ẹni tó wà ní káńtà, yóò ní, "Èwo ló dáa, ọmọ mi?" Ìdáhùn yẹn lágbára ju ìpolówó orí rédíò lọ. Best Buy, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2008 pé Blu-ray ni àwọn yóò máa dámọ̀ràn fún oníbàárà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Netflix, tó ń yá ènìyàn ní díìsì nígbà náà, sọ pé òun yóò dẹ́kun HD DVD. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní gbólóhùn tí yóò máa sọ, kó má baà jẹ́ pé èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò máa tì sí wọn lọ́rùn. Mo ní kí tèmi máa sọ pé: "Ma, èyí ni fíìmù tuntun ń bá jáde báyìí. Tọ̀hún ṣì wà, àmọ́ a kò mọ̀ bóyá ẹ ó rí fíìmù rà fún un lọ́dún tó ń bọ̀." Bí ẹ bá ní tẹlifísàn tó ń ṣeré níwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ẹ ti yàn ni kó máa ṣe. Ẹni tó dúró wò ó títí eré fi parí ti ń rà á nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹ wá máa ṣọ́ àwọn alágbára ọjà, torí bí ọ̀kan bá ṣí, àwọn yòókù kì í pẹ́. Warner, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá, kéde ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2008 pé òun yan Blu-ray. Lẹ́yìn Netflix àti Best Buy, Walmart sọ ní ọjọ́ 15 oṣù kejì pé Blu-ray nìkan ni òun yóò máa tà. Ní ọjọ́ 19, Toshiba kéde pé òun ti pa HD DVD tì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ Walmart àti ti Toshiba. Ní tiwa, ọjà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ní Èkó ni ẹ ó máa ṣọ́. Ẹ má tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó jáde nígbà tí fíìmù tuntun bá dé. Lọ́jọ́ tí irú tuntun bá ti ṣáájú ti àtijọ́ dé ọwọ́ yín, ẹ dẹ́kun kíkó ti àtijọ́.

Bí ọjà bá jẹ́ ti alátùntà ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ rọra. Circuit City, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, gbé díìsì tirẹ̀ tó ń jẹ́ DIVX jáde ní 1998. Ènìyàn yóò rà á ní nǹkan bí dọ́là mẹ́rin àbọ̀, yóò wò ó fún wákàtí 48, ẹ̀rọ tó ń lò ó yóò sì máa fi wáyà tẹlifóònù ròyìn ohun tó wò fún ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kù kọ̀ láti tà á, torí ta ni yóò máa kó owó ọjà rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà? Ní oṣù kẹfà 1999, ó parí. Bí máákẹ́tà kan bá ní ìwọ nìkan ni òun yóò fún ní Iléṣà, ẹ rántí pé àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù yóò máa bá ọjà yẹn jà, agbára ẹyọ ṣọ́ọ̀bù kan kò sì tó láti gbé e dúró.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lọ́kàn jù ni ti ẹni tó ti ra èyí tó kú. Alátùntà máa ń mọ̀ ṣáájú oníbàárà. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ sọ fún un kó tó sanwó. Bàbá kan tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra ẹ̀rọ, kò tọ́ kí a fi òkú ọjà lé e lọ́wọ́ nítorí pé a fẹ́ kí àtẹ wa tán. Ẹ sọ òtítọ́, ẹ já iye rẹ̀ sí ìdajì, kí ẹ sì fi gbogbo fíìmù irú rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ yín pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹrù kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, tó ń wá fíìmù sí i, ni ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Orúkọ wọn wà nínú ìwé káńtà.

Ẹ má sì ta ẹ̀rọ tó kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Funai, tó gbẹ̀yìn nínú ṣíṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Best Buy pàápàá, tó ti Blu-ray lẹ́yìn, kó díìsì fíìmù kúrò lórí àtẹ ní 2024. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú ṣì wà lábẹ́ ibùsùn ní gbogbo ilé Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì ń gbé e wá kí n bá wọn gbé e sínú fláàṣì. Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ VHS kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ nu orí rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ, kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn sí i. Bí ẹ bá rí i pé téèpù náà ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, ẹ má tì í wọlé, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá mọ́, ẹ yí i dópin, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan kó lè tú, ẹ wá so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdáwọ́ dúró. Fláàṣì méjì ni kí ẹ kó o sí, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ tó wà ní Èkó. Owó iṣẹ́ náà, ẹ gbà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá kásẹ́ẹ̀tì wọn padà fún wọn.